Aago kékeré lábẹ́ àgbádá ńlá

"Ṣé aago ìyàwó ẹ lo wọ̀ wá?"

Bí ẹ̀gbọ́n mi kan nílé ìyé mi ṣe kí mi nìyẹn níbi ìsìnkú kan ní Ìyàrà, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé okun o, bí àwa níbí ṣe ń kí ara wa, ọwọ́ mi ló kàn gbá mú lábẹ́ kánópì bí ẹni tó mú olè adìyẹ, ó gbé e sókè kí gbogbo tábìlì lè rí i. Aago tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀ tóbi tó ìdérí agolo mílíìkì, ó tún ní aago kéékèèké mẹ́ta mìíràn nínú ikùn, mo sì mọ̀ dájú pé kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí mo ń wò wọ́n títí a fi jẹ iyán tán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rọra fa apá àgbádá mi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mi mo ń sọ pé ẹ ò mọ̀ ni o. Kiní kékeré yẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wá a.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ná, torí gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ ọ́. Aago tí ọkùnrin ń wọ̀ lọ òde láyé 1950s sí 1960s, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju 33mm sí 36mm lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Aago Calatrava tí ilé iṣẹ́ Patek Philippe kọ́kọ́ gbé jáde ní 1932, èyí tí gbogbo ayé ń wò bí àpẹẹrẹ aago òde, bíi 31mm ni. Àwọn olówó ayé ló ń wọ ìyẹn o, kì í ṣe ìyàwó wọn. Ìdí ẹ̀ ni pé aago òde, abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wọ̀, ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín kó lè yọ́ wọlé nígbà tóo bá de bọ́tìnì ọwọ́ ẹ̀, kó tún yọ́ jáde nígbà tóo bá fẹ́ wo àsìkò. Àwa ò tilẹ̀ ní bọ́tìnì lọ́wọ́ bùbá, èyí tó túmọ̀ sí pé aago tiwa ò ní nǹkan kan tó ń sá pamọ́ fún, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn wa máa wọ agolo. Ṣùgbọ́n tóo bá ká apá àgbádá sí èjìká, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ kan tí aago kékeré wà lọ́wọ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ àti aago á gbọ́ ara wọn yé. Tó bá jẹ́ agolo ni, ìjà ni.

Mo ti ń kó aago jọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Kì í ṣe pé mo lówó o, owó oṣù ìjọba ni mò ń gbà ní Kábà níbí, ẹ sì mọ bí owó oṣù ìjọba ṣe ń rìn. Seiko 5 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1963, aago tálákà tí kì í kú, lẹ́yìn náà mo ra òmíràn, mo tún ra òmíràn, kí n tó mọ̀ mo ti ní méje, gbogbo wọn tóbi, gbogbo wọn wúwo, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun, èmi tí mi ò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí kò kọjá orúnkún. Kò wá sí ẹyọ kan tí mo lè wọ̀ mọ́ aṣọ òkè tí kò ní dà bíi pé mo so páànù mọ́ ọwọ́. Ni mo bá sọ fún ìyàwó mi pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí mo máa rà, aago òde, ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ wáìnì láràárọ̀, tí ojú ẹ̀ mọ́ tí kò ní ariwo. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́dún tó kọjá ńkọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá. Mo rí Favre-Leuba kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti India ló ń bọ̀, ojú ẹ̀ pupa bí ata tátàṣé, ó ń dán, nọ́ńbà ẹ̀ funfun báláú, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Favre-Leuba kì í ṣe orúkọ kékeré o, Switzerland ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti ń tajà fún àwọn ará India láti 1865, èyí ló fi jẹ́ pé aago wọn kún ilẹ̀ yẹn fọ́fọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní Bombay àti àyíká ẹ̀ àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n kó òkú aago jọ, kí wọ́n gba ẹsẹ̀ ti eléyìí kí wọ́n gba orí ti tọ̀hún, kí wọ́n ha ojú ẹ̀ kúrò pátápátá kí wọ́n sì kun òmíràn sí i ní àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò lá àlá ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ han bàbá aláago.

Bàbá aláago yìí, etí ọjà Kábà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, tábìlì kan, gíláàsì yí i ká, òun àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó wá jókòó láì ní aago. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin kí Kogi tó di Kogi, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Kwara. Wọ́n ki awò wọn bọ ojú, wọ́n wo aago mi bí ìgbà tí dókítà ń wo egbò, wọn ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá ní, "Ta ló kùn ún?"

Mo ní kí ni wọ́n kùn.

"Ojú ẹ̀. Wò ó, S tó wà níbí sanra ju S tó wà níbẹ̀ yẹn lọ. Ìlà ìṣẹ́jú yìí, àwọn kan fara kan nọ́ńbà, àwọn kan ò fara kàn án. Ọwọ́ ìṣẹ́jú ẹ̀ ò dé ìlà, aago mìíràn ló ni ọwọ́ yìí." Wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ẹ̀yìn ẹ̀ padà. "Ó ń rìn ṣá. Fún ọmọ ẹ kó máa fi ṣeré."

Ojú tì mí gan-an, àwọn méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń wò mí. Àmọ́ bàbá yìí fà mí mọ́ra, wọ́n ní kí n jókòó, ẹ̀kọ́ tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo fídíò tí mo ti wò lọ. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́, mo lè tún un ṣe. Gíláàsì tó fọ́, mo lè pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́líìtì ò tiẹ̀ tó nǹkan tí à ń sọ. Ojú aago tí wọ́n bá ti ha, kò sí ẹni tó lè dá a padà, tó fi mọ́ àwọn tó ṣe é. Torí náà ojú ni kóo rà." Mo ní tí ojú ẹ̀ bá wá dọ̀tí ńkọ́, tó ti pọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú tó ti pé 60 ọdún tó ṣì funfun bí àwo tuntun, olè wà níbẹ̀.

Mo rò ó lọ sílé, ó sì wọ̀ mí lára. Ta ló máa gbé aṣọ ìpò ìyá ìyá ẹ̀, èyí tí wọ́n hun ní Bùnú, lọ fún aláró kó bá òun pa á kó lè dà bíi tọjà? Pípọ́n yẹn náà ló fi hàn pé ó ti rí ọjọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kan aago, gbogbo wa ń wá èyí tó ń dán, àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dán an fún wa.

Oṣù mẹ́jọ tí mo wí yẹn ló bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Aago mẹ́ta ló bọ́ sí ìparí, màá sọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí àkọ́kọ́, Omega Seamaster, ẹnì kan ní Lagos ló fẹ́ tà á, ₦450,000, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́, ọkàn mi lọ síbẹ̀ gidi. Omega ni orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tóo bá sọ pé Omega lo wọ̀ àwọn ará ilé àna ẹ á jókòó dáadáa. Seamaster yìí ti wà láti 1948, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú òkun tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, aago òde ni ọ̀pọ̀ wọn. Mo ní kó ya fọ́tò wá fún mi lórí WhatsApp, kì í ṣe èyí tó yà lórí aṣọ féléfẹ́ẹ̀tì yẹn o, kó gbé e sínú oòrùn. Ó yà á. Ara aago náà jẹ́ irin tí wọ́n fi wúrà bò, wúrà ọ̀hún sì ti jẹ tán ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọlé, irin abẹ́ ẹ̀ ti yọjú. Ìyẹn ò burú jù, aago tí wọ́n fi wúrà bò, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ bẹ́ẹ̀, àwọn míì a kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé 20 máíkírónì, ìyẹn ni bí wúrà ẹ̀ ṣe nípọn tó, kò sì nípọn rárá, àádọ́ta máíkírónì ò ju sísanra irun orí kan lọ. Ojú ẹ̀ ni mo ń wá. Ojú ẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Àmì Omega tó yẹ kó jẹ́ irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kíkùn ni wọ́n kùn ún. Ibi ìsàlẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà 6 tó yẹ kí SWISS MADE wà, òfìfo. Orí tí wọ́n fi ń wáìnì ẹ̀ náà ò ní àmì kankan, ti Omega sì máa ń ní. Mo bi í léèrè, ó ní "orijínà ni boss". Mo ní ó dáa, mo dúpẹ́.

Ó dùn mí o, kì í ṣe irọ́. Mo ṣì ń lá àlá ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkejì, Longines. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba ló bá mi lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bi ẹni tó ń tà á sínú ìwé fún wọn bí ìdánwò WAEC. Èyí dáa. Wúrà 9 carat ni, òǹtẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀ tó fi .375 hàn, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1000, 375 ni ojúlówó wúrà. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní 30L ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dáa jù tí Longines fọwọ́ ara wọn ṣe láyé yẹn, ojú ẹ̀ ò tíì rí ọwọ́ akùnlé rí. Ìṣòro méjì ló wà. Àkọ́kọ́, wọ́n ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sí ẹ̀yìn ẹ̀, pé ilé iṣẹ́ kan fi ta òṣìṣẹ́ wọn kan lọ́rẹ fún iṣẹ́ ọdún 25. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an, ó sì máa ń jẹ́ kí owó aago wálẹ̀ díẹ̀ torí àwọn tó ń kó aago jọ ò fẹ́ orúkọ olórúkọ. Èmi ò kọ̀ ọ́ o, mo tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Ìkejì ni owó ẹ̀. £600, kí n tó ronú bó ṣe máa dé. Mo ṣírò pọ́n-ùn sí náírà, mo pa fóònù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún pàdé àwọn míì láàárín, mi ò ní fa gbogbo ẹ̀. Ọ̀kan wà ní Lọ́kọ́ja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ torí àwọn tó ń ka èyí lè rí irú ẹ̀. Nọ́ńbà ojú ẹ̀ nípọn, àwọ̀ bíi ti ẹ̀wà sísè, ojú aago yí àwọn nọ́ńbà náà ká sì ti jóná lápá ibi tí ọwọ́ ẹ̀ dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Rédíọ̀mù nìyẹn, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Òun ni wọ́n fi ń kun aago kó lè máa tàn lálẹ́, kó tó di pé wọ́n fi trítíọ̀mù rọ́pò ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960s. Kò tàn mọ́ báyìí, nítorí ẹ̀ ni èèyàn á fi rò pé ó ti kú. Kò kú. Ohun tó ń gba iná ẹ̀ tó ń tàn ló ti gbó, rédíọ̀mù fúnra ẹ̀, nǹkan bí ọdún 1600 ló máa ń gbà á kó tó dín sí ìdajì. Àwọn ọmọbìnrin tó kun irú aago yẹn ní Amẹ́ríkà láyé 1920s, ẹnu ni wọ́n fi ń pọ́n búrọ́ọ̀ṣì wọn kó lè mú, egungun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ ló bá a lọ. Wíwọ̀ ẹ̀ sọ́wọ́ kọ́ ni wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀ ni, tóo bá ṣí i sórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, tóo ha á, tóo fẹ́ ẹnu sí i. Ọmọkùnrin tó fẹ́ tà á fún mi ti fi ìṣó ṣí i, ó ń fi ìka nu ojú ẹ̀ fún mi kó lè mọ́. Mo ní kó lọ fọwọ́ kó tó jẹun. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú.

Ẹ̀kẹta ló di tèmi.

Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ wa yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú dé Mọ̀pà dé Ìjùmú, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló jẹ́ olùkọ́. Àwọn míṣọ́nnárì tètè dé, ìwé tètè dé, Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀ ti wà láti 1951. Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ń rà láyé ìgbà yẹn tó bá ti gbowó oṣù mélòó kan, kẹ̀kẹ́ ni, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ aago, torí ta ló máa lu agogo ilé ìwé tí kò bá mọ àsìkò? Ní 25 December 1969 Seiko gbé aago Astron jáde ní Japan, tó ń lo bátìrì àti òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz, nǹkan yí padà, láàárín ọdún 15 ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago Switzerland ti kógbá sílé, aago bátìrì di ohun tí ọmọ iléèwé lè rà. Àwọn bàbá wa bọ́ ti àtijọ́, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ìlẹ̀kùn mọ́. Inú dúrọ́ọ̀ ló yẹ ká ti máa wá a, kì í ṣe Lagos. Bàbá aláago ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, àwọn náà ló sọ pé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní apá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ tí àwọn bá fọ aago ẹ̀ nígbà kan, Cyma, kò sì sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ojú ẹ̀.

Cyma? Mo ní kí ni Cyma. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Mo lọ ka nípa ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé iṣẹ́ ńlá ni láyé ẹ̀ o. Nígbà tí ogun Hitler ń parí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ aago fún àwọn sójà wọn, ilé iṣẹ́ 12 ní Switzerland ni wọ́n gbà wọlé, Omega wà níbẹ̀, Longines wà níbẹ̀, Cyma náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo kẹ̀kẹ́ inú aago tó bá jábọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ń rà lọ́wọ́ Incabloc, àwọn Cyma ṣe tara wọn, wọ́n ń pè é ní Cymaflex. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn ò dún mọ́ lónìí, owó wọn ò sì ga. Ẹ̀rín bọ́ sí mi lẹ́nu níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gun ọ̀kadà lọ. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, wọ́n ti tó ẹni ọdún 88. Mo dọ̀bálẹ̀, okun o, okun, wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá mi àti ti bàbá bàbá mi títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n ti mọ̀ wá. Wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé e wá. Inú nílọ́ọ̀nù ló wà.

Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Mo ti ra awò kékeré tèmi, mo ki í bọ ojú. 34mm, irin tí kì í dípẹtà, kò sí wúrà kankan. Ojú ẹ̀ ti jẹ́ fàdákà nígbà kan, ó ti wá pọ́n bí omi ògì, etí ẹ̀ pọ́n ju àárín lọ, bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá jẹ́ ti ara ẹ̀, torí etí ni atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti ń wọlé. Àárín àwo kékeré tó ń ka sẹ́kọ́ńdì nísàlẹ̀, wọ́n fín ìlà róbótó-róbótó sínú ẹ̀, tínrín bí ojú ìlà inú ìka ọwọ́, gbogbo ẹ̀ ṣì wà. Ibi tí mo ti mọ̀ pé kò sí irọ́ nìyẹn, torí ẹni tó bá ha ojú aago láti tún un kùn, ìlà yẹn ló kọ́kọ́ ń parẹ́. Lẹ́tà CYMA dọ́gba. Ọwọ́ ìṣẹ́jú dé ìlà gẹ́lẹ́. Kò sí rédíọ̀mù kankan lójú ẹ̀. Etí ibi tí bẹ́líìtì ń wọ̀ ṣì mú, kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rọ dán an di róbótó bí ọṣẹ tó ti ń tán. Gíláàsì ẹ̀ ti ha, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan, kì í ṣe gíláàsì, ike ni, ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ á mú un kúrò. Mo yí orí ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, mo gbé e sétí.

Ó ń lù. Irú aago yẹn, ìgbà 18,000 ló ń lù ní wákàtí kan, márùn-ún ní sẹ́kọ́ńdì kan, ṣùgbọ́n eléyìí ń lù bí ẹni tó ń gun òkè tó ń sinmi. Òróró inú ẹ̀ ti gbẹ. Mo mọ̀ pé bàbá aláago á rí i ṣe.

Mo bi wọ́n pé èló. Bàbá ò dáhùn. Wọ́n wo ọwọ́ òsì mi. Ọ̀kan nínú àwọn agolo tèmi ni mo wọ̀ lọ o, 46mm, bátìrì, nọ́ńbà gàdàgbà, tóo bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ó ń tan iná búlúù. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí àwọn rí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀.

"Mo ń ríran rí èyí," wọ́n ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, ó ti ju ọdún 12 tí mi ò ti rí ohun tó ń sọ mọ́. Mò ń wáìnì ẹ̀ ṣá, láràárọ̀, tí wọ́n bá ti ń ka ìròyìn ní rédíò. Mi ò kàn rí i kà."

Ọmọ wọn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó, ₦200,000 ló ní lọ́kàn, ó ti lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní kó dákẹ́. Níkẹyìn ₦120,000 la fẹnu kò sí, pẹ̀lú aago ọwọ́ mi. Aago yẹn, ₦18,000 ni mo rà á. Mo bọ́ ọ, mo dè é mọ́ wọn lọ́wọ́, ọwọ́ wọn ti tín-ín-rín, ó ń yí po, mo ní láti fi ṣóńṣó sísọ́ọ̀sì lu ihò méjì mìíràn sí bẹ́líìtì ẹ̀. Wọ́n tẹ iná ẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà kí n tó dìde.

Bàbá aláago tú Cyma náà palẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró tuntun sí i, sípíríǹgì ẹ̀ ti sú, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ₦25,000. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣé èmi ni ọ̀gá ni àbí àwọn, àmọ́ mo rí i pé wọ́n lọ gbé ìgò mìíràn. Báyìí ó ń fi bí sẹ́kọ́ńdì 20 sáré lọ́jọ́ kan, fún ẹni tó ju 65 ọdún lọ ìyẹn ò burú, àwa kan ń fi wákàtí méjì pẹ́ dé òde. Mi ò gbé e sún mọ́ omi, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aago àtijọ́ gbọ́ pé omi ò lè wọ̀ ọ́, rọ́bà inú ẹ̀ ti di bísíkíìtì. Mi ò gbé e sórí sípíkà, òòfà inú ẹ̀ á jẹ́ kó máa sáré bí ewúrẹ́. Nígbà ọyẹ́ inú àpótí ló ń gbé, eruku ọ̀nà Ọbájànà yẹn kì í ṣe nǹkan eré. Bẹ́líìtì ẹ̀, awọ aláwọ̀ obì, 18mm, aránbàtà kan lẹ́bàá pápá ọkọ̀ ló bá mi rán an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá fóònù dún ní òwúrọ̀ kùtù. Bàbá ni.

"Aago ẹ ti dúró o. Mo ti wáìnì, mo wáìnì, kò lọ, àsìkò ló kàn ń yí kiri."

Mo ní bàbá, bátìrì ẹ̀ ló tán, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wáìnì. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé bátìrì ló ń lò, àwọn ò ya òmùgọ̀, ṣùgbọ́n èwo ni aago tí kò ní í kọ́kọ́ rẹlẹ̀ kó tó kú, ó kàn dúró ní 4:10, àwọn sì wà lórí ibùsùn pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ títí oòrùn fi wọlé bá àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Kábà, màá fi bátìrì sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní rárá, kí n gbé bátìrì ọ̀hún wá fúnra mi, kí n sì wọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi wá, àwọn fẹ́ gbé e sétí.

Sátidé yìí ni mò ń lọ.